Ta ló ń fún olùkọ́ fásitì lówó kó lè ta ìmọ̀ òfurufú?

Àwọn ìjọba kan wà lágbàáyé tó ń fún olùṣèwádìí fásitì lówó ìrànwọ́ kó lè sọ ìmọ̀ òfurufú di ọjà. Bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀ ní Akọ́kà tàbí Yábàá níbí, ìbéèrè ni àwọn èèyàn fi ń dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni olùkọ́ fásitì fẹ́ tà lókè ọ̀run?

Orí ilẹ̀ níbí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà náà wà. Ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ dúró ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ óò rí i tí yóò fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ kámẹ́rà kan tí kò tó èékánná, tí yóò fẹ́ eruku kúrò lójú rẹ̀, tí yóò wò ó sójú iná. Ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán nínú kámẹ́rà yẹn, inú iṣẹ́ òfurufú ló ti wá. Ní àwọn ọdún 1990, Eric Fossum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní JPL, ibùdó ìwádìí tí fásitì Caltech ń bójú tó fún NASA, àjọ òfurufú ìjọba Amẹ́ríkà, ń wá kámẹ́rà kékeré tí kò ní máa jẹ iná púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n rí i ṣe. Ní 1995, wọ́n dá kọ́ńpánì Photobit sílẹ̀ láti máa tà á. Irú rẹ̀ ló wà nínú fóònù tí a fi ń ya ọmọ tuntun níbi ìkómọ lónìí.

Ọjà mìíràn kò tilẹ̀ ṣeé fọwọ́ kàn: ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àwòrán sátẹ́láìtì, tó lè fi ibi tí àgbàrá yóò dúró sí hàn bí òjò bá rọ̀ ní Lẹ́kí, tàbí ibi tí ewéko ti ń bo ojú ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ apẹja kò fi ní rí ọ̀nà gbà.

Kí ló dé tí wọn kò lọ yá owó ní báńkì?

Báńkì yóò béèrè ohun ìdúró. Kí ni olùṣèwádìí ní, yàtọ̀ sí ìwé tó kọ? NASA ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ ibi tí iṣẹ́ dé, láti 1 dé 9. Ní 1, èrò lásán ni. Ní 9, ohun náà ti ṣiṣẹ́ lókè ọ̀run, ó sì yege. Iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí kì í sábà kọjá 4, ẹni tó fẹ́ rà á sì ń fẹ́ 8 tàbí 9. Láàárín méjèèjì, wọn yóò dán an wò: wọn yóò gbọ̀n ọ́n bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe gbọ̀n ọ́n, wọn yóò gbé e sínú àpótí tí kò sí afẹ́fẹ́, wọn yóò mú un gbóná, wọn yóò mú un tutù. Owó ńlá ni, oníbàárà kan kò sì tíì yọjú. Ibẹ̀ gan-an ni owó ìrànwọ́ wà fún.

Ṣé wọ́n máa san án padà? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni èrè ìjọba?

Wọn kì í san án padà. Èrè ìjọba ni iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yóò rí ṣe, owó orí tí kọ́ńpánì yóò máa san, àti owó òkèèrè tí yóò máa wọlé. Ẹ wo ohun tí kọ́ńpánì tó jáde láti fásitì lè dà. Àwọn olùṣèwádìí fásitì Surrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sátẹ́láìtì kékeré kan, UoSAT-1, tó gòkè ní 1981. Ní 1985, wọ́n dá kọ́ńpánì SSTL sílẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́rin àti 100 pọ́n-ùn péré. Ọ̀dọ̀ wọn ni Nàìjíríà gbà lọ nígbà tí a fẹ́ ní sátẹ́láìtì tiwa. NigeriaSat-1 gòkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2011.

Àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà ló fọwọ́ ara wọn kọ́ NigeriaSat-X níbẹ̀. Orí wa pé, kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Ohun tó wù mí ni kí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ kọ́ńpánì tí a bí ní Akọ́kà, kí orílẹ̀-èdè mìíràn wá máa gbé owó tirẹ̀ wá bá wa.

Ṣé èmi tí mo wà ní Èkó lè gba owó ìrànwọ́ ti Amẹ́ríkà?

Rárá. Ètò wọn tó ń jẹ́ STTR, tí òfin 1992 dá sílẹ̀, fún kọ́ńpánì tí ará Amẹ́ríkà ní ju ìdajì rẹ̀ lọ ni. Olùkọ́ kì í dá béèrè fún un. Kọ́ńpánì kékeré kan ni yóò béèrè, fásitì yóò sì bá a ṣe é: kọ́ńpánì yóò ṣe ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 iṣẹ́ náà, fásitì yóò ṣe ó kéré tán ìdá 30. NASA ti ń san tó 150,000 dọ́là fún ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni yóò ni kí ni. Apá tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí a kọ́ lára wọn.

Níbí ńkọ́?

TETFund, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, tó ń rí owó láti inú owó orí àwọn kọ́ńpánì, ní owó ìwádìí tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ń díje fún. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní ìgbìmọ̀ LASRIC, tó ń ran olùṣèwádìí àti kọ́ńpánì tuntun lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn mi: ẹ má fi sátẹ́láìtì ṣíwájú nínú ìwé ìbéèrè yín, omíyalé ni kí ẹ fi ṣíwájú. Kò sí ẹni tó ń gbé Èkó tí ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé omíyalé fún.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní fásitì wa kò lè ṣe é, ẹ rán an létí FUTA, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́. NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n bá ilé ẹ̀kọ́ Kyushu ní Japan ṣe, bọ́ sójú òfurufú láti ISS, ibùdó òfurufú àgbáyé, ní 2017.

Bí owó bá jáde, ta ló ni ohun tí mo ṣe?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣíwájú gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn ló sì máa ń wà. Òfin páténtì Nàìjíríà, tó ti wà láti 1970, sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ pé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe é tà láìgba àṣẹ. Fásitì sì ni agbanisíṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní bí ohun náà bá ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, owó tó bójú mu tọ́ sí ẹni tó hùmọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kò bá ní kó máa hùmọ̀ nǹkan, tó wá fi irinṣẹ́ ibi iṣẹ́ ṣe é. Èló ló bójú mu? Ibẹ̀ ni ìjà ti ń wọlé. Mo bẹ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ní fásitì, ẹ ka ìlànà ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ sì kọ ìdá tí oníkálukú yóò gbà sílẹ̀ kí náírà kankan tó wọlé.

Páténtì náà, ogún ọdún ló ń lò, orí ohun tuntun nìkan ni wọ́n sì ń fún èèyàn. Bí ẹ bá ti dìde ní àpérò, tí ẹ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, tàbí tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú jọ́nà, kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin. Mo mọ̀ pé ìwé títẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ìgbéga ní fásitì, kò sì rọrùn láti ní kí èèyàn ṣe sùúrù. NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti bá ọ̀pọ̀ fásitì dá ọ́fíìsì sílẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ páténtì àti bí ìmọ̀ ṣe ń dé ọjà. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ gbé ìwé páténtì wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí jọ́nà.