Ìdí Tí Ẹyẹ Kan Ṣoṣo Kò Fi Tó fún Ilé Àkójọ Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òkú ẹyẹ tí àwọn yunifásítì ń tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀ kò wúlò mọ́ láyé tí fóònù ń ya àwòrán ohun gbogbo, àti pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ fi nǹkan pamọ́, akọ kan àti abo kan nínú irú kọ̀ọ̀kan ti tó. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì léwu, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ kò ní rí ohun tó burú nínú kí wọ́n ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kò wà fún àfihàn. Wọ́n bó awọ wọn tìyẹ́tìyẹ́, wọ́n yọ ẹran inú rẹ̀, wọ́n fi òwú dí i, wọ́n sì so pélébé ìwé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé yẹn ló sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹyẹ náà, ọjọ́ tí wọ́n rí i àti ẹni tó rí i. Bí ó bá sọnù, iyì ẹyẹ náà ti dín kù gan-an.

Nígbà tí irú ẹyẹ kan náà bá wá pọ̀ láti ọdún dé ọdún, wọ́n di àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ibi tí wọ́n gbé. Ní 2017, Shane DuBay àti Carl Fuldner ti Yunifásítì Chicago gbé iṣẹ́ jáde lórí ẹyẹ tó lé ní 1,300, irú márùn-ún, tí wọ́n kó jọ láàárín ọdún 135 ní agbègbè tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Amẹ́ríkà. Yunifásítì Michigan wà lára àwọn tó ní ẹyẹ náà. Àyà àwọn ẹyẹ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 dúdú nítorí èéfín èédú tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ wọn, ti àwọn ẹyẹ òde òní sì mọ́. Ọdọọdún ni àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ń pààrọ̀ ìyẹ́, nítorí náà èérí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti àkókò tí wọ́n mú un. Àwòrán ni wọ́n yà láti fi mọ bí ìyẹ́ náà ṣe dúdú tó, ṣùgbọ́n ẹyẹ tòótọ́ ló wà níwájú wọn. Akọ kan àti abo kan kò lè sọ ìtàn yìí láéláé.

Àwòrán kò sì ṣe é gbé sórí òṣùwọ̀n. Ní 1967, Derek Ratcliffe, onímọ̀ nípa ẹ̀dá, fi ìwúwo èèpo ẹyin àwọn ẹyẹ bí àṣá tí àwọn ará Bìrìtéènì ti kó pamọ́ tipẹ́ wé ti ìgbà tirẹ̀, ó sì rí i pé èèpo ẹyin ti di fẹ́lẹ́ láti ìgbà tí oògùn apakòkòrò DDT ti dé. Àwọn tó kó ẹyin àtijọ́ wọ̀nyẹn kò tíì gbọ́ orúkọ oògùn náà rí.

Àwọn kan á béèrè bóyá torí èyí ni a ó ṣe máa pa ẹyẹ. Ìbéèrè tó yẹ ni, òfin sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń mú ẹyẹ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń wọlé lóde òní ló ti kú kí ẹnikẹ́ni tó gbé e, pàápàá àwọn tó forí sọ gíláàsì ilé gíga. Irú wọn ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan àti àwọn alájọṣiṣẹ́ wọn lò ní 2019: ẹyẹ 70,716 tó kú bẹ́ẹ̀ ní Chicago láti 1978 sí 2016. Ẹnì kan ṣoṣo, David Willard, onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Chicago, ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọn gbogbo wọn, ìwọ̀n náà sì fi hàn pé ara àwọn ẹyẹ náà ń kéré sí i, tí ìyẹ́ apá wọn sì ń gùn sí i.