Òfurufú Kì í Mú Nǹkan Tutù: Bí Awò James Webb Ṣe Ń Rí Òtútù Tirẹ̀

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé awò-awọ̀nàjíjìn James Webb gbé agbòòrùn tí ó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì dání kì í pẹ́ béèrè pé: ṣebí òfurufú tutù, kí ni ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀ tún ń wá òtútù sí? Ìbéèrè náà jọ ti ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n àṣìṣe ni ó gbé e ró, àṣìṣe náà ni kì í sì í jẹ́ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ awò yìí ti le jù. Òfurufú kì í mú nǹkan tutù. Òfìfo ni, irú òfìfo kan náà tí àwọn tí ń ṣe fúláàsì máa ń fi sáàárín ògiri rẹ̀ méjèèjì kí omi gbígbóná má baà tètè di tútù, nítorí pé níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́, kò sí ohun tí yóò tètè gbé ooru kúrò lára nǹkan. Awò tí a gbé lọ síbẹ̀ dà bí omi inú fúláàsì, fúláàsì ọ̀hún sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí a kì í pa, nítorí pé oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni awò yìí kò gbọdọ̀ gbóná rárá. Ohunkóhun tí ó bá ní ooru lára, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, èyí tí à ń pè ní infrared. Ara ènìyàn ń tàn án, ògiri ń tàn án, yìnyín pàápàá ń tàn án. Irú ìmọ́lẹ̀ yìí ni Webb lọ wá, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ àkọ́kọ́, tí ó ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 13 ọdún, ti nà bí àgbálá ayé ṣe ń fẹ̀, títí ó fi di infrared kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá ń wá tanátaná lóru kì í gbé àtùpà síwájú ojú ara rẹ̀. Ti Webb ìbá tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ó bá gbóná, ojú tí ó fi ń wá tanátaná gan-an ni yóò di àtùpà.

Bí wọ́n ṣe gbé e lọ kò ní gbà wá lákòókò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ni ó gbé e kúrò ní Kourou, ní French Guiana, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2021, lọ síbi tí ó jìnnà sí ayé tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kìlómítà. Ohun tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni pé láti ibi tí ó dúró sí, ìhà kan náà ni oòrùn, ayé àti òṣùpá wà, nítorí náà agbòòrùn kan ṣoṣo tó láti bo gbogbo wọn.

Agbòòrùn náà ní ìpele márùn-ún, tí a fi Kapton, irú ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ooru kì í tètè bà jẹ́, ṣe, tí a sì fi aluminium tí kò nípọn bò. Ìpele tí ó kọjú sí oòrùn nípọn tó 0.05 mílímítà, àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ ìdajì rẹ̀. Èèyàn lè rò pé aṣọ kan tí ó ki ni ìbá dára jù, ṣùgbọ́n ooru yóò rọra rìn gba inú aṣọ kíki kọjá ni. Àlàfo tí ó wà láàárín ìpele sí ìpele ni ọgbọ́n ibẹ̀: òfìfo tí a bá wíjọ́ lẹ́ẹ̀kan pé kì í jẹ́ kí ooru jáde ni wọ́n tún lò níhìn-ín kí ooru má baà wọlé. Èyí tí ó bá ráyè wọlé á máa ta síhìn-ín ta sọ́hùn-ún láàárín ìpele méjì, àlàfo náà sì ń fẹ̀ sí i bí ó ti ń lọ sí etí, títí ooru yóò fi ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níwájú, ooru tó nǹkan bí 85 lórí ìwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn, òtútù tó nǹkan bí 233 sísàlẹ̀ òdo. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú agbòòrùn náà, kò sì sí ohun tí ó ń jẹ tí yóò tán. Awò Spitzer tí ó ṣáájú Webb gbé helium olómi lọ ní 2003 láti fi mú ara rẹ̀ tutù, ó sì tán ní 2009. Ti awò Herschel tán ní 2013, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin péré.

Síbẹ̀, òtútù yìí kò tó fún MIRI, ohun èlò Webb tí ń gba infrared tí ìgbì rẹ̀ gùn jù. Silicon tí a fi arsenic díẹ̀ sí ni ojú rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, electron kan, èyíinì ni hóró iná mànàmáná tí ó kéré jọjọ, á já kúrò ní àyè rẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á. Ṣùgbọ́n ooru kín-ń-kín náà lè já electron, ẹ̀rọ kò sì lè mọ èyí tí ìmọ́lẹ̀ já yàtọ̀ sí èyí tí ooru já. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún un ní gáàsì helium tí ń yípo nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Páǹpù rẹ̀ wà ní ìhà oòrùn, ó jìnnà sí MIRI tó nǹkan bí mítà 10, kí gbígbọ̀n rẹ̀ má baà mi dígí tí awò náà fi ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Gáàsì tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú tutù náà á gba ojú ihò tóóró kan jáde síbi tí àyè ti gbà á, fífẹ̀ tí ó bá fẹ̀ lójijì ni yóò sì mú un tutù dé nǹkan bí 267 sísàlẹ̀ òdo. Á gba ooru lára MIRI, á padà sí ìdí páǹpù, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ó tún yani lẹ́nu pé níbẹ̀rẹ̀, iná amúǹkangbóná ni wọ́n tàn sára àwọn ohun èlò náà. Omi tí ó ti fara pamọ́ sínú wọn láti ilẹ̀ ayé ń jáde lọ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n bá sì jẹ́ kí wọ́n yára tutù, omi náà yóò di yìnyín lórí àwọn ojú tí a fẹ́ fi ríran. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni MIRI tó tutù dé ibi tí wọ́n ń fẹ́.

Ohun tí agbòòrùn yìí gbà lọ́wọ́ awò náà kò kéré. Webb kò gbọdọ̀ yí i kúrò níwájú oòrùn láé, nítorí náà kò lè kọjú sí ju nǹkan bí ìdá 40 nínú ìdá 100 ojú ọ̀run lọ lẹ́ẹ̀kan. Onímọ̀ tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá wà ní apá yòókù yóò dúró di oṣù mìíràn. Àgùàlà ní tirẹ̀, tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ tí à ń fi ojú lásán rí lóru, ìhà oòrùn ni ó máa ń wà sí Webb nígbà gbogbo, awò náà kò sì ní lè wò ó títí yóò fi parí iṣẹ́.