Mímú kí òṣìṣẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Nàìjíríà

Mímú kí òṣìṣẹ́ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni orúkọ tí a lè fún gbogbo ètò tí agbanisíṣẹ́ ń ṣe kí àwọn tó mọṣẹ́ dunjú má baà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí gbóná sí i ní ẹ̀ka tẹlifóònù láti ọdún 2001, nígbà tí Econet àti MTN gbé GSM wọ ìlú. Ṣáájú ìgbà náà, NITEL tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985 ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tẹlifóònù gbójú lé. Nígbà tí Globacom fi dé ní 2003, tí Etisalat sì tẹ̀ lé e ní 2008, ilẹ̀kùn tí ẹni tó mọṣẹ́ lè kàn ti pọ̀.

Kì í ṣe ọwọ́ òfo ni òṣìṣẹ́ tó pẹ́ fi ń lọ. Bí wáyà fáíbà, ìyẹn wáyà abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé ìpè àti dátà, bá já lóru, àwọn tó ń ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á rí i lójú kọ̀ǹpútà pé àwọn òpó tẹlifóònù kan ti kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń rin ojú ọ̀nà náà láti ọdún pípẹ́ ló mọ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ títì lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti so wáyà náà rí lábẹ́ ilẹ̀, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọgbà òpó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tuntun lè ní ìwé-ẹ̀rí jù ú lọ, síbẹ̀ àtúnṣe á pẹ́.

Owó oṣù àti àjẹmọ́nú, pàápàá ìtọ́jú ìlera fún ìdílé, ni ilé-iṣẹ́ sábà máa ń kọ́kọ́ gbára lé. Owó ìfẹ̀yìntì kò lágbára láti so ènìyàn mọ́ ojú kan bíi ti àtijọ́ mọ́. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, sínú àpò tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó sì ń bá a lọ sí ibikíbi tó bá tún ti ríṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ṣòro jù láti wọ̀n. Òun ló ń mú òṣìṣẹ́ fẹ́ dúró, òun náà ló sì ń sọ ọ́ di ẹni tí àwọn mìíràn ń wá, títí kan àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, tí owó wọn túbọ̀ wọni lójú lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ gidigidi láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan a máa mú ẹni tí wọ́n rán lọ kọ́ṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé pé yóò sìn fún iye àkókò kan, tàbí kí ó dá owó padà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dá ẹsẹ̀ dúró; kò lè dá ọkàn dúró. Ìgbéga tí ọ̀nà rẹ̀ hàn kedere, àti ọ̀gá tó ń fetí sílẹ̀, ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ibi tí ètò wọ̀nyí ti kù díẹ̀ káàtó jù ni ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, irú àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà tàsán-tòru. Ilé-iṣẹ́ alágbàṣe ló máa ń gbà wọ́n síṣẹ́, nítorí náà àjẹmọ́nú tó kan ẹni tí wọ́n jọ jókòó nínú yàrá kan náà lè má kàn wọ́n.