Enterprise architecture: kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ AI?

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí l'Ádó-Èkìtì ti ra sọfitíwia AI kan ni ìbéèrè ò ti tán lọ́rùn mi, torí gbogbo wọn mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Àwọn kan bi mí nípàdé, àwọn kan pè mí lálẹ́, àbúrò mi kan tó ń wáṣẹ́ náà rí ọ̀rọ̀ enterprise architecture yìí níbi tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, ó ní kí n ṣàlàyé ẹ̀ fóun. Mo kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni enterprise architecture yìí gan-an? Ṣebí àwọn tó ń ya pláànù ilé là ń pè ní architect?

Àwọn náà ni, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jìnnà síra wọn rárá. Wo bá a ṣe ń kọ́lé níbí. Bàbá kan kọ́ ilé yàrá mẹ́rin, nígbà tó yá ó fi ṣọ́ọ̀bù méjì síwájú, ọmọ ẹ̀ wá kọ́ yàrá méjì mìíì sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ sọ́kàwéè kejì, wọ́n bò ó, wọ́n da sìmẹ́ńtì lé e, ilẹ̀ dán. Bàbá kú, bíríkìlà tó gbẹ́ ẹ ti kó lọ sí Àkúrẹ́. Omi ẹ̀rọ ò yọ, ni wọ́n bá pe àwọn tó ń gbẹ́ bóhóòlù. Ta ló mọ ibi tí sọ́kàwéè yẹn wà? Tí wọ́n bá lọ gbẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, omi á jáde o, á mọ́ gaara nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé á máa mu ún, àfìgbà tí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n kí wọ́n tó máa wo ara wọn lójú.

Enterprise architecture ni pé kí ilé iṣẹ́ ní àwòrán tó máa sọ ibi tí sọ́kàwéè wà. Iṣẹ́ wo là ń ṣe níbí, ta ló ń ṣe é, àkọsílẹ̀ wo ló ń tinú ẹ̀ jáde, sọfitíwia wo ló gbé àkọsílẹ̀ yẹn dání, orí ẹ̀rọ wo ni sọfitíwia yẹn wà. Àwọn tó ń ṣe é máa ń pín in sọ́nà mẹ́rin: iṣẹ́ fúnra ẹ̀, dátà (ìyẹn àwọn àkọsílẹ̀ yẹn), sọfitíwia, ẹ̀rọ. Wọ́n á ya bó ṣe rí lónìí, wọ́n á tún ya bá a ṣe fẹ́ kó rí lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á wá kọ ohun tá a máa kọ́kọ́ yí padà àti ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ìyípadà látibì kan dé ìkejì yẹn ni wọ́n ń pè ní transformation. Kéèyàn ra kọ̀ǹpútà tuntun kó wá máa fi ṣe bó ṣe ń ṣe látijọ́, ìyẹn ò tíì yí ńkankan padà lójú tèmi.

Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn?

Kì í ṣe tuntun. 1987 ni Zachman, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ wọn, bí wọ́n sì ṣe ń ya ilé gan-an ló fi ṣàpẹẹrẹ: àwòrán tí onílé máa wò yàtọ̀ sí tẹni tó máa kọ́ ọ. Ní 1995 TOGAF jáde, ìlànà bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán yìí, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ The Open Group ló ń bójú tó o, òun làwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí sì ń kọ́ jù títí dòní. Ní 1996, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, òfin Clinger-Cohen jáde l'Ámẹ́ríkà, ó ní dandan ni kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn ní irú àwòrán yìí.

Ó dáa, àmọ́ kí ló wá kan AI ńbẹ̀? Ṣebí ọgbọ́n àtọwọ́dá ni, ó yẹ kó lè fúnra ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ibí gan-an lọ́rọ̀ wà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú wa rí.

Bá a ṣe ń ṣe é ni pé gbogbo Fúráìdè làwọn èèyàn ń sanwó, akápò á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, á sì buwọ́ lu káàdì ẹni tó sanwó. Tó bá wá di ìparí oṣù, akọ̀wé á jókòó ti ìwé yẹn, á kó gbogbo ẹ̀ sínú Excel, ìyẹn ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, torí pé ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó kù lọ́rùn òun, akápò ló máa bi. Kò sẹ́ni tó ń lọ bi Excel léèrè ńkankan.

AI dé, wọ́n ní á máa sọ ẹni tó ṣeé ṣe kó má san ẹ̀yáwó fún wa ká tó yá a, á sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá pẹ́. Àwọn tó tà á fún wa ò béèrè ńkankan ju fáìlì Excel lọ, a fún wọn, wọ́n lọ. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù, AI wo Excel, ó rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì san kọ́bọ̀ lóṣù yẹn, ó bá fọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ sí wọn pé gbèsè yín ti kọjá ọjọ́.

Fúráìdè tó tẹ̀ lé e, ìyá kan tó ń ta iṣu l'Ọ́jà Ọba wọlé. Kò pariwo. Ó tú etí ìró ẹ̀, ó yọ káàdì ẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ọjọ́ pé síbẹ̀, owó pé síbẹ̀, ìfọwọ́sí akápò ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́ ní bírò búlúù. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló jẹ gbèsè?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Kí wọ́n pe irú wọn lónígbèsè lórí fóònù tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ wọn ló ń bá wọn kà á, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa.

AI ò parọ́ o. Ohun tó rí ló sọ. Ìwé akápò tọ̀nà, Excel náà tọ̀nà fún ọjọ́ tí wọ́n kó o wọlé, àmọ́ kò sí bébà kankan níbì kankan tá a kọ ọ́ sí pé Fúráìdè lowó ń dé inú ìwé, ìparí oṣù ló ń dé inú kọ̀ǹpútà. Èèyàn mọ̀ ọ́n lọ́kàn, ẹ̀rọ ò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn èèyàn.

Ti orúkọ tiẹ̀ tún burú jù. Ká pe ẹnì kan ní Ìyá Bọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ṣe wà nínú ìwé ìfowópamọ́, nínú ìwé ẹ̀yáwó orúkọ ọkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ, nínú Excel orúkọ bàbá ẹ̀ ló ṣíwájú, Fúnmiláyọ̀ tó ń jẹ́ gan-an ti di Funmi, nọ́ńbà fóònù sì jẹ́ tọmọ ẹ̀. Èèyàn mẹ́ta nìyẹn lójú AI. Èyí tó ń fowó pamọ́ ò yá owó rí, èyí tó yá owó ò ní kọ́bọ̀ nípamọ́, ó ní ẹ má yá a mọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan náà ni! Kò sí ọgbọ́n àtọwọ́dá tó lè bá wa tún ìyẹn ṣe tá ò bá tíì fẹnu kò lórí ìwé tó jẹ́ olórí fún orúkọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun ńkọ́, tí wọ́n lówó?

Ó ń bá àwọn náà. Báńkì TSB ní Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn oníbàárà wọn láti orí ẹ̀rọ àtijọ́ sórí tuntun ní oṣù kẹrin 2018, nígbà tí nǹkan dàrú, àwọn tí ò lè wọ àkáǹtì wọn tó mílíọ̀nù 1.9. Ní oṣù kejìlá 2022 wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù pọ́n-ùn 48.65 lé wọn lórí.

Ti Air Canada, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ló tún jọ tiwa jù. Ẹnì kan tí èèyàn ẹ̀ kú bi chatbot orí wẹ́ẹ̀bù wọn (ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn) nípa ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fẹ́ni tó ń lọ sí òkú, chatbot ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ná, pé ó lè béèrè ẹ̀dínwó tó bá dé. Ojú ewé mìíì lórí wẹ́ẹ̀bù kan náà ní rárá o, kò sóhun tó jọ ọ́. Nígbà tó dẹjọ́, ilé iṣẹ́ yẹn sọ pé chatbot fúnra ẹ̀ ló máa jíhìn fún ohun tó sọ. Ní oṣù kejì 2024 ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní British Columbia kọ ìyẹn, wọ́n ní kí Air Canada sanwó, ó lé díẹ̀ ní 812 dọ́là Kánádà. Owó ò pọ̀, àmọ́ òfin kan náà wà níbi méjì, àwọn méjèèjì ò mọ ara wọn, ìyẹn gan-an ni architecture ń wá kiri.

Ìjọba wa ń ṣe é?

NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ti gbé ìlànà enterprise architecture fún ìjọba Nàìjíríà jáde. Àmọ́ ẹ wo ara yín: NIN yín jẹ́ dígíìtì 11, BVN jẹ́ dígíìtì 11 mìíì, káàdì ìdìbò tún ní tiẹ̀, ọsibítù ní tiẹ̀. Iṣẹ́ ṣì pọ̀. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà wà ńlẹ̀ o, ẹgbẹ́ tó bá ń kó orúkọ àti owó èèyàn fún AI ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni kó rọra, torí bí ẹ ò bá mọ ibi tí dátà yín ń gbà, ẹ ò lè sọ pé ẹ ń ṣọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ tí ò ju igba èèyàn lọ, níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni ná. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà kan ṣoṣo tí ẹnì kan san lọ́jọ́ Fúráìdè, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ bọ́ sí? Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ta ló tún un kọ, lọ́jọ́ wo? Ẹ yà á sórí bébà kan bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ má yà á bí ìwé òfin ẹgbẹ́ ṣe wí, ẹ yà á bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n bá ti tún ńkan kan náà kọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi bírò pupa yí i po. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá mú ìwé kan ṣoṣo kẹ́ ẹ ní òun ni olórí, kẹ́nì kan sì jẹ́ alábòójútó ẹ̀, tó jẹ́ pé tó bá ṣì í kọ, òun la máa bi.

Ṣé àwòrán yìí ò ní di fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí mọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀, mo ti rí i. Àwọn kan á ya àwòrán fún ọdún méjì, àwọ̀ oríṣiríṣi, iṣẹ́ ti yí padà kí wọ́n tó yà á tán. Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Èyí tí akápò lè wò kó ní "irọ́ ni, kì í ṣe ibí ni mò ń gbé e gbà" lèmi ń wá.

Ká wá dá AI yẹn padà ni?

A ò dá a padà. A dá àtẹ̀jíṣẹ́ dúró, akọ̀wé ti ń kó owó wọ kọ̀ǹpútà níbi ìpàdé gan-an báyìí, kí ìyá tó san án tó dìde. Orúkọ ló ṣì ń pẹ́ wa, torí kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ pé ìyá ta ni ìyàwó ta. A lọ bẹ ìyá oníṣu yẹn, a ní kí wọ́n wá bá wa jókòó tì í, torí kò sẹ́ni tí wọn ò mọ̀ nínú ẹgbẹ́. Fúráìdè tó kọjá, orúkọ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n bá wa so pọ̀ kí wọ́n tó ní àwọn ń lọ, pé iṣu àwọn wà lóòrùn.