Ipa àlékún kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lórí ọ̀dùnkún àti pòtétò inú omi ajílẹ̀

Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì (CO₂) ni ewé fi ń ṣe ṣúgà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ ìta lónìí, ó lé díẹ̀ ní 420 ppm, ìyẹn 420 nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn tó ń gbin nǹkan sínú omi ajílẹ̀, láìlo iyẹ̀pẹ̀, sábà máa ń gbé e dé 800 sí 1,000 ppm. Ohun ọ̀gbìn tó ń ta iṣu máa ń jàǹfààní èyí dáadáa, nítorí ó ní ibi tó ń kó ṣúgà tó ṣẹ́ kù pamọ́ sí.

Ìwádìí

Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ ti iṣẹ́ NASA, àjọ ìwádìí òfuurufú Amẹ́ríkà, wá, tó ń wá oúnjẹ tí wọ́n lè gbìn nínú ọkọ̀ òfuurufú. Yunifásítì Tuskegee ní Alabama gbájú mọ́ ọ̀dùnkún. Raymond Wheeler àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kennedy Space Center, ibùdó NASA ní Florida, gbájú mọ́ pòtétò òyìnbó. Ọ̀pọ́n gbọọrọ tó dagẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lò, tí omi fẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní 1,000 ppm, pòtétò ta ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Lábẹ́ iná líle tí kì í kú tọ̀sán tòru, èrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ní 1,000 ppm yìí, ihò ara ewé tún ń pa dé díẹ̀, omi tó ń sá lọ sì ń dínkù. Ohun tó jọni lójú jù ni pé ní 10,000 ppm, ihò náà tún là sílẹ̀, pòtétò sì mu omi sí i. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí CO₂ inú ọkọ̀ òfuurufú máa ń pọ̀ ju ti ìta lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Bí a ṣe ń lò ó

Ilé ọ̀gbìn tó gba kúbíìkì mítà 100 nílò nǹkan bíi 60 lítà gáàsì, ìyẹn nǹkan bíi 110 gíráàmù, kó tó kúrò ní 400 dé 1,000 ppm. Lẹ́yìn náà, èyí tí ewé jẹ àti èyí tó jò ni à ń fi òmíràn rọ́pò. Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ wà nìkan ni kí a ṣí i. Ibi tí ewé wà ni kí a gbé ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n sí, kí fáànù sì máa da afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí ooru bá mú kí a ṣí fèrèsé, gáàsì bá a lọ. Ẹ̀rọ oníná tí kò jó délẹ̀ ń tú gáàsì ẹ́tílíìnì jáde, èyí tó ń ba ewé jẹ́. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún wákàtí 8, 5,000 ppm ni ààlà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífi nítírójìn kún omi nígbà tí ewé bá ń dàgbà kíákíá: ewé á rú wìtìwìtì, iṣu kò ní ta. Bí nítíréètì nìkan ni ajílẹ̀ náà, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) á máa gòkè, ìyẹn ni pé kíkan omi á máa dínkù. Ásíìdì nítíríìkì díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a padà sí bíi 5.8. Bí omi bá bo iṣu mọ́lẹ̀ pátápátá, afẹ́fẹ́ kò ní tó o, á sì jẹrà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé sínú ọ̀pọ́n, pòtétò á di àwọ̀ ewé, oró sólánìn á sì pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn yòókù

Rádíìṣì, ẹ̀fọ́ kékeré tí à ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, máa ń pé ní nǹkan bí oṣù kan, nítorí náà èsì rẹ̀ máa ń tètè hàn. Ohun ọ̀gbìn tí CO₂ bá pọ̀ fún sábà máa ń ní ìwọ̀n purotéènì àti síǹkì tó kéré sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ìyẹn ti orí ọkà àti ohun ọ̀gbìn inú ilẹ̀ wá.