Ọgbọ́n oko kòkó nínú ìwòsàn jẹjẹrẹ ọyàn

Ẹni tó bá ti fọ́n Gamalin 20 sí oko kòkó ní Oǹdó mọ̀ ọ́n: tí a bá ń fọ́n oògùn kan náà lọ́dọọdún, kòkòrò tí kò lágbára á kú tán, èyí tí oògùn ò ràn á kù, á sì máa bí sí i. Ọ̀rọ̀ kòkòrò oko yìí ni Dókítà Robert Gatenby ní Amẹ́ríkà gbé wọnú ìwòsàn jẹjẹrẹ ní 2009.

Kó tó dé, àti títí dòní, ara aláìsàn là ń fi díwọ̀n oògùn, kì í ṣe kókó jẹjẹrẹ tó wà lára rẹ̀. Dókítà Donald Pinkel ló dábàá ní 1958 pé kí á máa lo fífẹ̀ awọ ara. Obìnrin kan gorí òṣùwọ̀n l'Ákùúrẹ́, ó wọn 60 kílò, ó ga ní 160 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ pín in sí 3,600, ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ (nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀ tó máa mú un jáde): 1.63 mítà níbùú lóròó ni awọ ara rẹ̀ fẹ̀. Bí doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ kan, bá jẹ́ mílígíráàmù 60 fún mítà kan níbùú lóròó, 98 ni tirẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á sún ọjọ́ síwájú tàbí kí wọ́n dín in kù.

Wíwọn kókó náà le jù. Ní 1976, àwọn oníwádìí méjì, Moertel àti Hanley, to bọ́ọ̀lù 12 sábẹ́ fóòmù, wọ́n ní kí dókítà 16 fọwọ́ wọ̀n wọ́n. Wọ́n rí i pé ọwọ́ ń tàn wá jẹ. Láti 2000, òfin wíwọn kókó tí wọ́n ń pè ní RECIST ni a ń tẹ̀ lé: kókó rọ̀ tí àròpọ̀ gígùn àwọn kókó bá dín ní ìpín 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń dàgbà tó bá fi 20 lé.

Àwọn kan rò pé oògùn tó pọ̀ rẹpẹtẹ ló máa ṣẹ́gun jẹjẹrẹ ọyàn tó ti ràn kálẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2000 fi hàn pé àwọn obìnrin tó gba oògùn rẹpẹtẹ kò pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ.

Ní 2016, ẹgbẹ́ Gatenby fún eku tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ní paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn: wọ́n kọ́kọ́ fún wọn dáadáa, bí kókó ṣe ń rọ̀ ni wọ́n ń dín in kù, kí sẹ́ẹ̀lì tí oògùn ń ràn lè kù díẹ̀, kó máa há ọ̀nà mọ́ èyí tó lágídí. Púpọ̀ nínú eku náà dé ibi tí wọn ò nílò oògùn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọn kò ti yí ìwọ̀n padà, tí wọ́n kàn ń fo ọjọ́ oògùn nígbà tí kókó bá rọ̀, kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Torí náà, obìnrin l'Ákùúrẹ́ tí owó kò jẹ́ kó rí abẹ́rẹ́ kẹta gbà kò sí lórí ètò Gatenby rárá. Kó tètè sọ fún dókítà kí wọ́n tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe.