Fókọ́ọ̀sì: Ibo Ni Ọwọ́ Ẹni Wà Nínú Kọ́ọ̀sì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tó bá ti ta ayò rí mọ̀ pé ọwọ́ kì í ṣàdédé fò. Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà tèmi, mẹ́fà tìrẹ. Bí mo bá kó ọmọ ayò nínú ilé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń jù wọ́n sílẹ̀ láti ilé dé ilé, ẹni tó ń wòran sì lè sọ ibi tí ọwọ́ mi dé nígbàkigbà. Kódà bí iná bá lọ, ìka ṣì lè ka ọmọ tó wà nínú ilé.

Ohun tí wọ́n ń pè ní fókọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn: ilé tí ọwọ́ kíbọ́ọ̀dù wà báyìí. Ẹ tẹ Tab, ọwọ́ á bọ́ sí ilé tó kàn. Ẹ di Shift mú kí ẹ tó tẹ Tab, ọwọ́ á padà sẹ́yìn. Àwọn ilé ọ̀hún ni gbogbo ohun tí èèyàn lè fi ṣe nǹkan lójú ìwé náà: bọ́tìnì, lìǹkì, àpótí tí a ń kọ orúkọ sí, ìdáhùn tí a ń yàn. Bí ẹ bá tẹ Enter tàbí lẹ́tà kan, ibi tí fókọ́ọ̀sì wà ni yóò bọ́ sí. Kì í wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó ń lo máòsì lè lo ogún ọdún nídìí kọ̀ǹpútà kó má bi ara rẹ̀ léèrè nípa fókọ́ọ̀sì. Ojú ló fi ń wá nǹkan, ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé ojú ni. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe wà títí di ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní kọ̀ǹpútà lẹ́bàá Sábó, ní Ìkòròdú. Kò ríran, ó sì mọ kíbọ́ọ̀dù jù mí lọ. Kọ́ọ̀sì kan lórí ìtọ́jú oníbàárà ló fẹ́ ṣe. Ibi tó ti ń wáṣẹ́ ló ní kó parí rẹ̀ kí wọ́n tó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa nílé rẹ̀ lápá Èbúté, ìyẹn ló gbé e wá. Mo fún un ní àga, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ibo ni mo wà?"

Mo wojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ kẹrin ló wà. Òun rò pé ẹ̀kọ́ kìíní lòun ṣì wà.

Ètò tó ń lò ni NVDA, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní screen reader. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè sí etí ẹni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní ẹ̀rọ akàwé. Ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Australia ní 2006, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn; àwọn méjèèjì kò ríran, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà nígbà náà sì wọ́n ju ohun tí ọ̀pọ̀ aláìríran lè rà lọ. Ẹ̀rọ akàwé yìí kò ní àbùkù kankan lọ́jọ́ náà. Inú kọ́ọ̀sì ni àbùkù wà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, bí a bá tẹ bọ́tìnì "Tẹ̀síwájú", a kì í kúrò lójú ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Ìṣó kan náà ló wà lára ògiri, ewé kàlẹ́ńdà nìkan ni wọ́n ya. Ẹ̀rọ akàwé a máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ojú ìwé tuntun bá ṣí, tàbí nígbà tí fókọ́ọ̀sì bá kúrò níbìkan bọ́ síbòmíràn. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwòrán yí padà, ọ̀rọ̀ yí padà, fókọ́ọ̀sì dúró sórí bọ́tìnì níbi tó wà, ẹ̀rọ akàwé sì dákẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbà pé bọ́tìnì ò ṣiṣẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fo ẹ̀kọ́ mẹ́ta.

Òmíràn wà tó burú ju èyí lọ. Kọ́ọ̀sì mìíràn a máa yọ bọ́tìnì náà dànù pẹ̀lú ẹ̀kọ́ àtijọ́, á wá fi òmíràn tó jọ ọ́ sí ipò rẹ̀. Lójú, bọ́tìnì kan náà ni. Ṣùgbọ́n ilé tí fókọ́ọ̀sì dúró sí ti wó, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé. Ẹni náà yóò tún fi Tab kọjá orúkọ kọ́ọ̀sì, àkójọ ẹ̀kọ́, bọ́tìnì ohùn àti bọ́tìnì ìjáde kó tó dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ogún, ìgbà mọ́kàndínlógún ló máa rìn ín bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó wọ danfo láti Sábó lọ Mile 12 ni, tí awakọ̀ ń gbé e padà sí gáréèjì ní gbogbo bọ́sítọ́ọ̀pù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí ẹ̀kọ́ bá ti yí, kí ẹni tó kọ ètò náà fi fókọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sórí àkọlé ẹ̀kọ́ tuntun. Àkọlé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tẹ̀, nítorí náà a ó fún un ní tabindex (nọ́ńbà tó ń sọ bí Tab ṣe máa bá nǹkan lò) tó jẹ́ -1. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ètò lè gbé fókọ́ọ̀sì síbẹ̀, àmọ́ Tab kò ní í dúró níbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ akàwé yóò ka àkọlé náà, ẹni tó ń gbọ́ á sì mọ̀ pé òun ti dé.

Wíńdò kékeré tó máa ń yọ síwájú ojú ìwé náà ní tirẹ̀. Ẹ tẹ àwòrán kan láti mọ̀ sí i, àlàyé á yọ, ohun tó wà lẹ́yìn á ṣókùnkùn. Bí fókọ́ọ̀sì kò bá bá wíńdò yìí wọlé, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ọwọ́ ń rìn. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kó pa wíńdò yẹn dé. Ó ní, "Wíńdò wo?" Kò parọ́, kò sí wíńdò kankan nínú ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé bí wíńdò bá ṣí, kí fókọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, kí Tab máa yí po nínú rẹ̀, kí Escape pa á dé, kí fókọ́ọ̀sì sì padà sórí bọ́tìnì tó ṣí i. HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ní dialog fún irú wíńdò yìí báyìí. Bí a bá fi àṣẹ showModal ṣí i, òun fúnra rẹ̀ á ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń fi div, àpótí lásán tí kò ní iṣẹ́ tirẹ̀, kọ́ tiwọn.

Div kan náà ni wọ́n fi ń ya bọ́tìnì. Ó ní àwọ̀, ó ní òjìji, máòsì lè tẹ̀ ẹ́. Tab ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ akàwé ò sì ní í pè é ní bọ́tìnì. Ilẹ̀kùn tí wọ́n kùn sára ògiri ni.

Òdìkejì gbogbo èyí ni pańpẹ́: fókọ́ọ̀sì wọlé, kò lè jáde. Mo rí i lára fídíò kan tí wọ́n fi sínú kọ́ọ̀sì náà. Tab ń lọ láti bọ́tìnì eré sí bọ́tìnì ohùn sí bọ́tìnì eré, Escape kò ràn án. WCAG, ìlànà ìráyèlò tí W3C, àjọ tó ń ṣètò bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú ìwé, ń gbé jáde, ti ka èyí léèwọ̀ láti 2008 ní ìpele tó kéré jù lọ, lábẹ́ nọ́ńbà 2.1.2. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń kọ́ pańpẹ́ sínú kọ́ọ̀sì títí di òní, kò yẹ kó rí àwáwí wí.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, torí àwọn tí inú wọn dára ló ń ṣe é. Ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì á gbọ́ pé aláìríran ń lo Tab. Á wá fi tabindex 0 sára gbogbo ìpínrọ̀, gbogbo àwòrán, gbogbo àkọlé, kí Tab lè dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan "kí wọ́n lè gbọ́ ọ". Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọwọ́ méjì ni ẹni tó ń lo ẹ̀rọ akàwé ní. Ọwọ́ kìíní ni fókọ́ọ̀sì tí a ti ń sọ bọ̀. Ọwọ́ kejì jẹ́ ti ẹ̀rọ akàwé fúnra rẹ̀, ọwọ́ ìkàwé. Nínú NVDA, bí ẹ bá ń tẹ ọfà ìsàlẹ̀, ọwọ́ kejì yìí á máa ka ìlà tẹ̀lé ìlà, ìbáà jẹ́ bọ́tìnì, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán. H á gbé e lọ sí àkọlé tó kàn, B á gbé e lọ sí bọ́tìnì tó kàn. Bí ó bá dé àpótí ìkọ̀wé, tí ó sì wọ inú rẹ̀, ohùn kékeré kan á dún, lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ á sì di lẹ́tà gidi. Insert pẹ̀lú Space ló ń pààrọ̀ láàárín ìkàwé àti ìṣiṣẹ́ bí èèyàn bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ yí i.

Ọ̀rọ̀ lásán kò nílò Tab, nígbà náà; ọwọ́ kejì ń kà á. Bí ẹ bá fi Tab kún un, ẹni tó ríran ṣùgbọ́n tí kò lè lo máòsì ni yóò tẹ Tab lógójì ìgbà kó tó dé bọ́tìnì kan ṣoṣo. Aláìríran ní tirẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ kóun fi ìpínrọ̀ yìí ṣe, nítorí ibi tí Tab bá dúró, iṣẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn tún ń fún nǹkan ní tabindex 1, 2, 3. Gbogbo ohun tó bá ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni Tab máa kọ́kọ́ lọ bá kó tó padà wá sọ́dọ̀ ìyókù. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń ta ayò láti ilé kìíní bọ́ sí ìkeje, padà sí ìkẹta: ìjà ni yóò dá sílẹ̀ lábẹ́ igi. Èyí tó tún pa ọwọ́ kejì pátápátá ni kí wọ́n fi role (àmì tó ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́ fún ẹ̀rọ akàwé) tó ń jẹ́ application bo gbogbo kọ́ọ̀sì. Ọfà kò kàwé mọ́, H kò wá àkọlé mọ́.

Kì í ṣe aláìríran nìkan ni ọ̀rọ̀ fókọ́ọ̀sì kàn. Nínú máòsì mẹ́fà tí mo ní, méjì ti kú (èkúté kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ láyé), mo sì ní ìyá àgbà kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kíbọ́ọ̀dù ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìyá ríran dáadáa. Ohun tí wọ́n nílò ni ìlà tó máa ń yí ibi tí fókọ́ọ̀sì wà ká, kí wọ́n lè rí ilé tí ọwọ́ wà. Oníṣẹ́ ọnà á ní ìlà yẹn ba ẹwà jẹ́, á kọ outline: none, ìlà á lọ. Ìlànà 2.4.7 ló sọ pé kó má lọ. WCAG 2.2 tó jáde ní October 2023 tún fi kún un pé nǹkan mìíràn kò gbọdọ̀ bo ibi tí fókọ́ọ̀sì wà mọ́lẹ̀ pátápátá, bí irú pátákó "Tẹ̀síwájú" tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

Ibì kan wà tí kò yẹ kí fókọ́ọ̀sì lọ síbì kankan. Ẹ dáhùn ìbéèrè, "Gbìyànjú sí i" yọ ní pupa lókè. Kí ẹ̀rọ akàwé kàn sọ ọ́ ni, kí ọwọ́ wà lórí ìdáhùn níbi tó wà. Role tó ń jẹ́ status ń ṣe èyí, bí àpótí rẹ̀ bá ti wà lójú ìwé kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kọ́ọ̀sì, ẹ fa máòsì yọ, ẹ fi Tab, Enter, Space, ọfà àti Escape nìkan ṣe kọ́ọ̀sì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà kí ẹ tan NVDA, kí ẹ sì pa ojú kọ̀ǹpútà. Èmi ṣe é pẹ̀lú kọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀kọ́ kejì ni mo ti sọnù.

Òun dé ẹ̀kọ́ kẹtàdínlógún, níbi tí ìdánwò wà. Ìbéèrè ìkẹyìn ní kó fi máòsì wọ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ sínú àpótí márùn-ún. Kíbọ́ọ̀dù kò ní ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ìbá ṣe pé wọ́n fi àkójọ tí a ń yàn nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni ìbá jẹ́. Ó sọ ìdáhùn márààrún fún mi lẹ́nu, mo fi máòsì wọ́ wọn síbi tó ní kí n wọ́ wọn sí. Márààrún ló gbà.

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. Ó yọ gbohùngbohùn etí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ gba máàkì yẹn o, èmi kọ́."